Àbójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Adó-Odò/Ọ̀tà

Àbójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Adó-Odò/Ọ̀tà jẹ́ iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ pín láàárín ara wọn. Àjọ tí ó sún mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà jù lọ ni Àjọ Ètò Ẹ̀kọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí LGEA. Àjọ Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti Ìpínlẹ̀, tí a ń pè ní SUBEB, ni ó wà lókè rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Àjọ Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè, UBEC, wà ní Àbújá. Ìṣàkóso ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ àjọ ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ lórí ìlànà, lórí owó àti lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn olùkọ́ wà lọ́wọ́ àwọn àjọ tí ó wà lókè rẹ̀.

Ìpín yìí ní ipa tó lágbára ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá ti fa ọ̀pọ̀ ìdílé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn àti láti Èkó tí ó wà ní ìtòsí. Bí iye ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ́fíìsì tí ó kọ́kọ́ ń rí i kì í ṣe ọ́fíìsì tí ó lè gba olùkọ́ tuntun.

Ìtàn

Àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS ni wọ́n mú ẹ̀kọ́ ìwé kíkà wọ Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì. James White, ọmọ Sàró, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1854. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, àwọn ìjọ Kristẹni, àti àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bíi Ansar-Ud-Deen lẹ́yìn wọn, ni wọ́n ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn náà ni wọ́n ń gba olùkọ́ síṣẹ́, tí wọ́n sì ń gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí.

Ní 1952, S. O. Awókọ́yà, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé aṣòfin. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Nítorí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò lè gba gbogbo ọmọ tí ó jáde wá, àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ náà kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ilé-ìwé L.A. Láti ìgbà náà ni ìjọba ìbílẹ̀ ti ní ọwọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí.

A dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba ológun lábẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí ó fi ipò sílẹ̀ ní 1979, Ọbásanjọ́ dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Nígbà tí ó padà sí ipò gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, òun náà ni ó ṣí Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn ní Ṣókótó ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999.

Láàárín ètò méjèèjì yìí, àkóso ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yí ọwọ́ padà lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin ológun 31 ti 1988 dá àjọ kan sílẹ̀ fún un ní ìpele ìjọba àpapọ̀. Ní 1991, ìjọba ológun fagi lé àjọ náà, ó sì fa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oṣù àwọn olùkọ́ lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí gbèsè owó oṣù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, tí àwọn olùkọ́ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ológun 96 ti 1993 dá àjọ ìjọba àpapọ̀ náà padà, ó sì ṣètò àjọ kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti àjọ kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrírí ọdún wọ̀nyẹn ṣì ń hàn nínú bí àwọn olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa owó ìjọba ìbílẹ̀ títí di òní.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1989, nígbà tí a da agbègbè Ọ̀tà pọ̀ mọ́ agbègbè Adó-Odò àti Ìgbẹ́sà. Ọ̀tà ni olú-ìlú rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ nínú òfin

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 kò fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ nìkan lọ́wọ́. Àfikún kẹrin ìwé òfin náà sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú ìpèsè àti ìtọ́jú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ náà “kópa” ni ó fa ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, nítorí pé kò sọ ẹni tí yóò san owó wo.

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti 2004 ṣàlàyé síwájú sí i. Ó sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Abala 12 rẹ̀ pàṣẹ pé kí SUBEB wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, abala 13 sì pàṣẹ pé kí LGEA wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ àbójútó SUBEB. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò ṣe òfin lórí bí àjọ méjèèjì yóò ṣe rí àti iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Nítorí náà, àjọ ìbílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá méjì: orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n SUBEB ni ó ń jábọ̀ fún.

Ìgbékalẹ̀ àjọ ìbílẹ̀

Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ nínú irú àjọ báyìí. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka máa ń wà fún ìṣàkóso òṣìṣẹ́, ìṣirò owó, ètò àti àkójọ iye, àbẹ̀wò sí ilé-ẹ̀kọ́, àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú. Àwọn ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń jábọ̀ fún àjọ náà.

Iṣẹ́ tí òfin 1993 là sílẹ̀ fún àwọn àjọ ìbílẹ̀, tí ó sì ṣì jẹ́ àpẹẹrẹ fún iṣẹ́ wọn, ni ìwọ̀nyí:

- ìṣàkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́;
- ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga àti ìbáwí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìpele 1 sí 6;
- dídá àbá fún àjọ ìpínlẹ̀ lórí ìgbéga àti ìbáwí àwọn tí ó wà ní ìpele 7 sókè;
- ṣíṣe àbá ìṣúná ọdọọdún àti ìròyìn owó fún àjọ ìpínlẹ̀;
- pípín ìwé àti ohun èlò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́;
- títún ilé àti àga ṣe;
- fífa àwọn ará ìlú mọ́ra láti ṣe ìrànlọ́wọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, tí ó pọ̀ gan-an ní Ọ̀tà àti Sàngó, kò sí lára ẹrù yìí. Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ.

Ìlànà ẹ̀kọ́

Àjọ ìbílẹ̀ kì í ṣe ìlànà, ìmúṣẹ ìlànà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè, níbi tí mínísítà àti àwọn kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ti ń pàdé, ni ó ń fẹnu kò lórí Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè. Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ ń gbé e kalẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì ń ṣètò ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìsinmi. SUBEB ń kọ ìwé ìkéde sí àwọn àjọ ìbílẹ̀, àjọ ìbílẹ̀ sì ń pe àwọn ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ jọ láti kà á fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn olùbẹ̀wò yóò máa lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn láti wo ìwé ìpalẹ̀mọ́ iṣẹ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ, àti bí ìkọ́ni ṣe ń lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni fi hàn bí ọ̀nà yìí ṣe jìn tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn ìlànà náà máa ń tọ́ka sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè tí ó sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́ta, àṣẹ méjì tí ó tako ara wọn ti jáde láti òkè. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Sàngó, ọmọ Àwórì, ọmọ Yewa, ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ígbò àti ọmọ Haúsá lè jókòó sórí àga kan náà. Fún ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá nílé, “èdè àdúgbò” kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Yorùbá kò sì lè tètè lóye olùkọ́ tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Olùkọ́ ọdún kìíní ni ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbé e gbà, nítorí pé ìwé ìkéde kì í dé pẹ̀lú olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè gbogbo, àjọ ìbílẹ̀ kò sì ní agbára láti yan ìlànà mìíràn fún agbègbè tirẹ̀.

Ìṣúná owó

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń gbà wọlé, ọ̀nà méjèèjì sì kọjá níbòmíràn kí wọ́n tó dé Ọ̀tà.

Owó oṣù. Èyí ni ó pọ̀ jù nínú ìnáwó. Owó tí orílẹ̀-èdè pa pọ̀ sínú àpò àpapọ̀ ni a ń pín: ìjọba àpapọ̀ gba 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ gba 26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì gba 20.60. Abala 162 ìwé òfin sọ pé kí a san ìpín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sínú àpò àjùmọ̀ní kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ tí ó ń pín àpò náà, JAAC, a máa kọ́kọ́ yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò kí ohun tí ó kù tó kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦77,000 ní 2024, ìyọkúrò yìí náà pọ̀ sí i.

Ohun tí a fi ń pín owó láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò bá bí Ọ̀tà ṣe ń dàgbà mu. Ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni a ń pín ní dọ́gba-dọ́gba, láìka iye ènìyàn sí. Ìdá ọgbọ̀n ni ó dúró lórí iye ènìyàn, ìyókù sì dúró lórí ilẹ̀, ìsapá láti pa owó wọlé àti ohun amáyédẹrùn. Nítorí náà, Adó-Odò/Ọ̀tà àti ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kan ń gba iye kan náà nínú ìdá ogójì yẹn. Iye ènìyàn tí a ń lò sì ni ti ìkànìyàn 2006, nígbà tí Adó-Odò/Ọ̀tà ní ènìyàn 526,565. Ìkànìyàn tí a fẹ́ ṣe ní 2023 ni a sún síwájú. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kó wá sí Sàngó láàárín ọdún wọ̀nyí wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìṣirò.

Owó ilé àti ohun èlò. Òfin 2004 sọ pé ìjọba àpapọ̀ yóò ya ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. UBEC ni ó ń pín in. Kí ìpínlẹ̀ tó lè gba ìpín rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ náà láti inú àpò tirẹ̀, kí ó sì fi ètò iṣẹ́ hàn kí UBEC fọwọ́ sí i. Bí ìpínlẹ̀ kò bá rí owó tirẹ̀ san, ti ìjọba àpapọ̀ yóò dúró síbi tí ó wà. Iṣẹ́ àjọ ìbílẹ̀ nínú ètò yìí ni láti kọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílò sílẹ̀: òrùlé tí ó ti ṣí, yàrá tí kò tó, ilé-ìyàgbẹ́, àga àti tábìlì. SUBEB ni yóò yan èyí tí yóò wọ inú ètò iṣẹ́ ọdún náà, òun náà ni yóò sì gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe.

Owó-orí àwọn ilé-iṣẹ́. Àwọn àlejò sábà máa ń rò pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà láàárín ilé-iṣẹ́ ńlá yóò lówó. Òfin owó-orí kò rí bẹ́ẹ̀. Owó-orí lórí èrè ilé-iṣẹ́ ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, èyí tí a ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ ń lọ sí ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ náà ń gbé. Òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà ṣùgbọ́n tí ó ń sùn ní Alákukọ, ìjọba Èkó ni owó-orí rẹ̀ yóò lọ bá. Owó-orí ẹ̀kọ́ tí òfin 1993 gbé lé àwọn ilé-iṣẹ́ a máa kan ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2011, òfin TETFund fi í mọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Èyí tí ìwé òfin fi sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ ni owó-orí ilé, àti owó ọjà, owó gáréèjì àti ìwé àṣẹ kéékèèké. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó múlé tì í, inú rere ni, kì í ṣe gbèsè tí òfin dá lé e lórí.

Àríyànjiyàn lórí àpò àjùmọ̀ní

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, fẹ̀sùn kan ìjọba ìpínlẹ̀ ní gbangba pé owó tí ó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ sẹ́ ẹ̀sùn náà. Ó ní owó tí ó ń wọlé kò tó san owó oṣù olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì, pé ìpínlẹ̀ ni ó ń fi kún un.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tààrà sí ọwọ́ wọn. Àwọn alátìlẹ́yìn ìdájọ́ náà rí i gẹ́gẹ́ bí òmìnira. Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Orílẹ̀-èdè, NUT, fi àníyàn hàn lórí owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ojú wọn rí láti 1991. Bí ìyọkúrò àpò àjùmọ̀ní bá dópin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ìdánilójú pé owó oṣù ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́kọ́ san. Bí kò bá sì dópin, àjọ ìbílẹ̀ yóò máa bá a lọ láti kọ àbá ìṣúná fún owó tí kò ní rí.

Òṣìṣẹ́

Ìpín àṣẹ lórí òṣìṣẹ́ dúró lórí ìpele owó oṣù. Àwọn tí ó wà ní ìpele 1 sí 6, bíi agbálẹ̀, ọlọ́dẹ àti akọ̀wé kékeré, wà lábẹ́ àjọ ìbílẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìpele 7 sókè wà lábẹ́ àjọ ìpínlẹ̀. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí Grade II, wọ́n sì wà ní ìpele tí ó rẹlẹ̀. Láti ìgbà tí ìwé-ẹ̀rí NCE ti di èyí tí ó kéré jù lọ tí olùkọ́ lè ní, ìpele 7 ni olùkọ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 8. Òfin kò gba olùkọ́ kúrò lọ́wọ́ àjọ ìbílẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó. Ìwé-ẹ̀rí ni ó gbé àwọn olùkọ́ kọjá ìpele tí ọwọ́ àjọ náà lè dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àjọ ìbílẹ̀ mọ yàrá tí kò ní olùkọ́, àjọ ìpínlẹ̀ ni ó sì lè fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Ìgbanisíṣẹ́ kì í wáyé lọ́dọọdún. SUBEB nílò àṣẹ gómìnà kí ó tó ṣí i. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ń fẹ̀yìn tì lóṣooṣù. Ìjọba Dàpọ̀ Abíọ́dún dá ètò OgunTEACh sílẹ̀ láti fi àwọn olùkọ́ onígbà-díẹ̀ dí àlàfo náà.

Agbára gidi tí ó kù fún àjọ ìbílẹ̀ ni gbígbé olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn láàárín agbègbè rẹ̀. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè sọ pé ọmọ 35 ni kí ó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní ọmọ 420, olùkọ́ 12 ni ó yẹ kí ó ní. Bí ó bá jẹ́ 7 ni ó wà níbẹ̀, ọmọ 60 ni yóò kan olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí àjọ ìbílẹ̀ tó lè fi olùkọ́ kan kún un, ó gbọ́dọ̀ mú un láti ibòmíràn, bóyá láti abúlé kan ní apá Adó-Odò, níbi tí olùkọ́ ti lè máa kọ́ kíláàsì méjì pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ nìkan ni àjọ ìbílẹ̀ lè pín, kò lè sọ ọ́ di púpọ̀. Olùkọ́ pẹ̀lú ní ìdí tí ó fi lè kọ̀: owó ọkọ̀, ilé tí ó ń gbé, ọkọ tàbí aya àti ọmọ. Gbígbé olùkọ́ kọjá sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn wà lọ́wọ́ SUBEB.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìbáwí. Bí olùkọ́ bá ń pa iṣẹ́ jẹ, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yóò fún un ní ìwé ìbéèrè, olùkọ́ yóò sì dáhùn. Àjọ ìbílẹ̀ yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, yóò sì kọ àbá rẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ ìkẹyìn ti ń wá. Ọ̀nà yìí ń dáàbò bo olùkọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá abẹ́lé, ṣùgbọ́n ó tún máa ń gba àkókò.

Ipa àwọn òbí

Níbi tí olùkọ́ kò bá tó, Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ máa ń dá owó jọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà láti gba ẹni tí yóò ran olùkọ́ lọ́wọ́. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù ìjọba, kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ yìí gbẹgẹ́ ní ojú òfin. Abala 3 òfin 2004 sọ pé ẹni tí ó bá gba owó fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Owó tí àwọn òbí fínnú fíndọ̀ dá yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n fún òbí tí ó ń gba owó ojúmọ́ ní ẹnubodè ilé-iṣẹ́, ìyàtọ̀ náà lè ṣòro láti rí. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá lé ọmọ padà sílé nítorí owó yìí, ohun tí òfin pè ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dópin fún ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn.

Ìlànà UBEC tún sọ pé kí Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-ẹ̀kọ́, SBMC, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, òbí, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí lè wo bí a ṣe ná owó ilé-ẹ̀kọ́, ó lè ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe tí ó ń kọ́lé, ó sì lè sọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ nílò kí àjọ ìbílẹ̀ tó kọ àbá ọdún. Kò lè gba olùkọ́ síṣẹ́, kò sì lè lé e.

Òbí tí ó bá ní ẹ̀sùn a máa kọ́kọ́ bá ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ ní àjọ ìbílẹ̀, kí ó tó kọ ìwé sí SUBEB.

Ìfiwéra pẹ̀lú ilẹ̀ mìíràn

Orúkọ tí a ń pe àjọ ìbílẹ̀ yìí ní Nàìjíríà jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin ẹ̀kọ́ 1902 ti fa ilé-ẹ̀kọ́ lé àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn ní àṣẹ láti gba owó-orí ilé fún ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú ni wọ́n ń dìbò yan ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Owó-orí lórí ilé àti ilẹ̀, títí kan ti ilé-iṣẹ́, ni ó ń pèsè apá ńlá nínú owó rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ni ó sì ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Agbègbè tí ó ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ lè ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lówó, agbègbè tálákà sì lè jìyà nítorí ètò kan náà.

Ètò Nàìjíríà yan ọ̀nà mìíràn: a kó owó lọ sókè, a sì tún pín in padà sísàlẹ̀, kí agbègbè tí kò ní ilé-iṣẹ́ má baà ṣòfò. Ní Adó-Odò/Ọ̀tà, ohun tí ètò náà ń béèrè ni pé kí ìṣirò tí a fi ń pín in mọ iye ọmọ tí ó wà níbẹ̀ lónìí, kí àbá tí àjọ ìbílẹ̀ kọ sì rí ìdáhùn kí ọdún ìwé tó parí.